Òṣùwọ̀n Kan fún Nǹkan Méjì: Bí A Ṣe Ń Fi Nǹkan Wéra

Ní ilé wa ní Ìyàrà, ní ilẹ̀ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, àbúrò mi kan ti ọjà ìlú mìíràn dé ní ọjọ́ kan, ó sì sọ fún ìyá wa àgbà pé gààrí tiwa ti wọ́n jù, pé ibi tí òun ti ń bọ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ilé máa lọ rà á. Màmá kò bá a jiyàn. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju pé, "Abọ́ wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún ọ?" Àbúrò mi dáhùn pé, "Kọ́ńgò ni, Màmá." Màmá wọ yàrá, wọ́n gbé kọ́ńgò tiwọn jáde, wọ́n sì rọra da gààrí náà sínú rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Kò kún un. Ó ku bí ìka méjì kí ó kan ẹnu abọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá ọlọ́jà tiwa a máa gbé e kún títí yóò fi yọ orí sókè, a sì tún fi èènì sí i. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ àbúrò mi jẹ, nítorí abọ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló kéré. Kò sì purọ́ nípa iye owó. Síbẹ̀ àfiwé rẹ̀ kò dúró, nítorí owó méjì ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìbéèrè bóyá ohun kan náà ni owó méjèèjì rà.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa fífi nǹkan wéra wà nínú ìbéèrè Màmá. Láti fi nǹkan méjì wéra ni láti gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì, kí ohun tí ojú wa kò rí nígbà tí a ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lè hàn sí wa. Iṣẹ́ náà ní apá méjì. Apá kan ni wíwá ibi tí wọ́n ti jọra. Apá kejì ni wíwá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí ẹ fi nǹkan méjì wéra, apá méjèèjì ni ó ń béèrè. Bí ó bá ní kí ẹ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìkan, ìyàtọ̀ ni kí ẹ lo gbogbo àkókò yín lé lórí, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan péré sọ ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a kọ́ Yorùbá ní ilé ìwé. Bí a bá ti gbọ́ "àfiwé", ọkàn wa a lọ sí àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí a kọ́ nínú ọnà èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé ọkùnrin kan ga bí ìrókò kò fẹ́ kí a mọ ohunkóhun nípa ìrókò. Ọkùnrin náà nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìrókò kàn bá a gbé ẹrù ọ̀rọ̀ ni. Nínú irú àfiwé tí mo ń sọ yìí, àwọn nǹkan méjèèjì ni ọ̀rọ̀ kàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan ṣe ẹ̀ṣọ́ fún èkejì. Bí ẹ bá kọ pé odò kan gùn bí ejò, ẹ ti ṣe ọnà èdè. Bí ẹ bá kọ iye kìlómítà tí odò méjì fi ju ara wọn lọ, tí ẹ sì sọ ohun tí èyí mú wá, ẹ ti fi wọ́n wéra.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ ṣe, kí ẹ tó mú gègé rárá, ni kí ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe àfiwé náà. Bí ẹnìkan bá fi iṣu wé ẹ̀gẹ́ nítorí pé ó fẹ́ mọ èyí tí òun yóò gbìn sí ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ti dínkù, ohun kan ni yóò wò. Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ èyí tí òun lè fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ di ìgbà tí ọjà bá dára, ohun mìíràn ni yóò wò. Iṣu kan náà ni, ẹ̀gẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n àfiwé ti di méjì. Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò kàn máa ka gbogbo ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù inú ilé: iṣu ní èèpo, ẹ̀gẹ́ ní èèpo; iṣu funfun, ẹ̀gẹ́ funfun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò gbé òǹkàwé dé ibì kankan.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ rí i pé nǹkan méjèèjì ní ilẹ̀ kan tí wọ́n jọ dúró lé. A lè fi iṣu wé ẹ̀gẹ́ nítorí pé oúnjẹ ni àwọn méjèèjì, inú ilẹ̀ ni a sì ti ń wà wọ́n. A kò rí ohun gidi kan jẹ nínú fífi iṣu wé kẹ̀kẹ́. Ó sì yẹ kí ẹ mọ àwọn méjèèjì dáadáa. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan dunjú tí ó sì gbọ́ òkèèrè èkejì yóò kọ ojú ewé mẹ́ta nípa èyí tí ó mọ̀, yóò sì fi ìlà mẹ́ta parí ti èkejì.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wá kù sí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí pẹ́. Òṣùwọ̀n ni ìbéèrè tí a ó bi nǹkan méjèèjì ní ọ̀kan náà. Ẹ mú bébà kan, ẹ fa ilà méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Lápá òsì ni kí ẹ kọ àwọn ìbéèrè yín sí, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ní àárín ni kí ẹ kọ ìdáhùn nǹkan àkọ́kọ́, lápá ọ̀tún ni kí ẹ kọ ti èkejì. Òfin tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni pé kò sí ìlà tí ó gbọdọ̀ ní ìdáhùn lápá kan kí apá kejì ṣófo. Bí ẹ bá kọ pé ẹ̀gẹ́ ní oró nínú tí ó fi jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ rin ín, kí a fún omi rẹ̀, tàbí kí a rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó ṣeé jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé iṣu tí a ń gbìn kò béèrè irú wàhálà bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ó wà á ní òwúrọ̀ lè sè é jẹ ní ọ̀sán. Bí ẹ bá kọ pé ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni iṣu ti jẹ́ onílé, ẹ gbọ́dọ̀ kọ pé láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, pé àwọn ará Potogí ni wọ́n gbé e dé etí òkun wa. Àyè tí ó bá ṣófo ń sọ ọ̀kan nínú nǹkan méjì fún yín: ó lè jẹ́ pé ẹ kò tíì wádìí tó, ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò kan ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì pa á rẹ́.

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ ọwọ́ kan yẹ̀ wò, èyí tí àwọn ìyá wa ní Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Kàbà mọ̀ tinútẹ̀yìn, èyíinì ni aṣọ híhun. Irú òfì méjì ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan ni òfì àwọn obìnrin, tí ó nà ró, tí a máa ń gbé ti ara ògiri nínú ilé. Èkejì ni òfì àwọn ọkùnrin, tí ó tẹ́ lọ gbọọrọ, èyí tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òkè ní irú ìlú bí Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n yóò wo aṣọ méjèèjì, yóò ní ọ̀kan wuyì ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà.

Ìbéèrè kìíní ni bí òwú ṣe dúró lórí òfì. Lórí òfì obìnrin, igi méjì ni a ń wé òwú yí po, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí òwú náà fi ń lọ tí ó sì ń bọ̀ bí ìgbànú. Lórí òfì ọkùnrin, òwú a máa nà jìnnà síwájú ahunṣọ, a ó sì di òpin rẹ̀ mọ́ ẹrù wúwo kan lórí ilẹ̀, tí yóò máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ìdáhùn kan ṣoṣo yìí ti bí ìdáhùn méjì mìíràn. Nítorí pé òwú obìnrin yí igi po, aṣọ rẹ̀ kò lè gùn ju àyíká òfì náà lọ. Nítorí pé òwú ọkùnrin nà lọ gbọọrọ, ó lè hun aṣọ tí ó gùn gan-an láìtún òwú ta. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè fífẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: aṣọ ọkùnrin kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin lọ, nígbà tí ti obìnrin lè fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí òṣùwọ̀n méjì tí wọ́n jọ ń wọn títóbi aṣọ ṣe fún wa ní èsì tí ó tako ara wọn. Ẹni tí ó bá kọ pé "aṣọ ọkùnrin tóbi jù" ti ṣì í, ẹni tí ó bá kọ pé "aṣọ obìnrin tóbi jù" náà ti ṣì í, nítorí pé gígùn ni ọ̀kan fi ju èkejì, fífẹ̀ ni èkejì sì fi jù ú.

Ìbéèrè kejì ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé àti ọwọ́ tí ó ń mú un. Obìnrin a máa hun aṣọ nínú ilé, láàárín oúnjẹ sísè àti ọmọ títọ́; yóò hun díẹ̀, yóò dìde, yóò padà wá. Àwọn ọkùnrin a máa jókòó ní ìta, níbi tí òwú ti ráyè nà, wọ́n a sì fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ tí ọmọdé ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Lóde òní obìnrin púpọ̀ ti ń hun aṣọ lórí òfì tẹ́ẹ́rẹ́ yìí pẹ̀lú, ó sì yẹ kí òǹkọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀, kí ó má baà kọ ọ̀rọ̀ àná bí ẹni pé ti òní ni.

Ìjọra kan wà tí ènìyàn kì í rí títí yóò fi fi ọwọ́ kan aṣọ náà. Mo rántí aṣọ kíjìpá kan, aṣọ tí a hun lórí òfì obìnrin, tí ó wà nínú àpótí Màmá, tí mo tẹ́ sórí itan mi tí mo sì fi ìka tọ ojú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ní àárín rẹ̀ ni ìka mi ti kan ojú rírán kan, tí abẹ́rẹ́ ti gbà wọlé gbà jáde pẹ̀lú òwú àwọ̀ kan náà, tí ojú kò fi lè tètè mọ̀ ọ́n. Awẹ́ méjì ni a rán pọ̀. Aṣọ òkè náà kò ju awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí a tò tí a sì rán pọ̀. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni aṣọ tí a hun ní awẹ́ tí a sì fi abẹ́rẹ́ parí. Iye awẹ́ ni ó yàtọ̀. Irú ìjọra báyìí ṣe iyebíye ju kí a sọ pé òwú ni a fi hun méjèèjì, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn.

Ibi tí mo ń lọ nìyí nínú ọ̀rọ̀ yíyọ ìyàngbò kúrò. Bí ẹ bá ti kún bébà yín tán, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó kọ. Bí nǹkan méjèèjì bá jọra lójú gbogbo ènìyàn, ìyàtọ̀ wọn ni òǹkàwé nílò. Bí wọ́n bá yàtọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ìjọra wọn ni kí ẹ wá. Ẹ wo àwa ará Okun fúnra wa. "Okun", ìkíni tí àwa Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ jọ ń kí ara wa ni ó di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wá, àlejò sì lè rò láti inú rẹ̀ pé ahọ́n kan náà ni a fi ń sọ̀rọ̀. Fún irú àlejò bẹ́ẹ̀, àlàyé ibi tí ohùn Yàgbà ti yà kúrò lára ohùn Bùnú ni yóò ṣe é láǹfààní. Ṣùgbọ́n ọmọ Yàgbà tí ó gbàgbọ́ pé òun àti ọmọ Bùnú kò ní ohunkóhun pa pọ̀, ìjọra ni kí ẹ fi hàn án.

Ní ti bí a ó ṣe to ọ̀rọ̀, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ẹ lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa nǹkan kìíní tán kí ẹ tó kọjú sí èkejì, tàbí kí ẹ gbé òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ti àwọn méjèèjì lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọjá sí òmíràn. Ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́ bí iṣẹ́ bá ti gùn ju ojú ewé kan lọ, nítorí pé òǹkàwé kò ní láti máa rántí ohun tí ẹ sọ lókè kí ó tó lè fi í wé ohun tí ẹ ń sọ nísàlẹ̀. Ewu ọ̀nà kìíní ni pé ó rọrùn láti kọ àròkọ kékeré méjì tí wọ́n jọ wà nínú bébà kan tí wọn kò sì mọ ara wọn. Bí ẹ bá yàn án nítorí pé ọ̀rọ̀ yín kúrú, ẹ tọ́ka padà sí nǹkan kìíní nínú gbólóhùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ èkejì, kí ẹ sì tẹ̀lé ètò kan náà.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń so wọ́n pọ̀ kò ṣòro: "bákan náà", "àwọn méjèèjì", "ṣùgbọ́n", "nígbà tí", "ní ti". Ẹ kàn ṣọ́ra fún "ju lọ" àti "tó". "Ó dára jù ú lọ" kò sọ nǹkan kan àyàfi tí a bá mọ ohun tí ó fi dára jù ú. Ẹ kọ pé ó yára jù ú, ó wúwo jù ú, ó pẹ́ jù ú. Bẹ́ẹ̀ sì ni "Òjó kò ga tó Adé" kò sọ pé Òjó kúrú.

Kí n tó dá ọwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi ìpínrọ̀ kan hàn yín bí mo ṣe máa kọ ọ́ fúnra mi, lórí odò méjì tí gbogbo ará Kogí mọ̀ sí ìpàdé wọn ní Lọ́kọ́jà. Ìdí tí mo fi ń fi wọ́n wéra ni omíyalé, irú èyí tí ó ba ilé àti oko jẹ́ ní 2012 àti ní 2022, nítorí náà gígùn odò kì í ṣe òṣùwọ̀n mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Odò Ọya gùn tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà tí Bẹ́núè sì jẹ́ nǹkan bí 1,400. Àkókò tí omi ń kún ni òṣùwọ̀n mi. Mo máa kọ ọ́ báyìí:

"Odò Ọya àti odò Bẹ́núè jọ máa ń kún ní ìparí ìgbà òjò, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ìdí sì nìyí tí Lọ́kọ́jà fi máa ń gba omi odò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bẹ́núè ń kún lọ́dún, nígbà tí Odò Ọya ń kún lẹ́ẹ̀mejì ní ilẹ̀ Nàìjíríà: ìkún àkọ́kọ́ ti ọwọ́ òjò ilẹ̀ wa wá, èkejì sì jẹ́ omi tí ó rọ̀ ní orí òkè Gínì, tí ó tàn káàkiri nínú ilẹ̀ àbàtà Málì, tí kò fi dé ọ̀dọ̀ wa títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dáàmù wà lórí omi méjèèjì; ti Kainji, tí a parí ní 1968, wà lábẹ́ ìjọba wa, ṣùgbọ́n ti Lagdo, tí a parí ní 1982 lórí Bẹ́núè, wà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìjọba mìíràn ni ó ń pinnu ìgbà tí a ó ṣí i."

Bí ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ gbé gègé, kí ẹ fa ilà sábẹ́ orúkọ nǹkan kìíní níbikíbi tí ó bá wà, kí ẹ sì fa ilà méjì sábẹ́ orúkọ èkejì. Ìpínrọ̀ tí ó bá ní irú ilà kan ṣoṣo ni kí ẹ padà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ kan nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi orúkọ èkejì dípò rẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá ṣì jẹ́ òótọ́, ìjọra ni ẹ kọ, bí ó bá sì di irọ́, ìyàtọ̀ ni. Gbólóhùn tí ẹ kò bá lè sọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì kò tíì ní òṣùwọ̀n, bébà tí ẹ pín sí ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ gbé e padà lọ.